Ààwẹ̀ Prisca

Kò sí obìnrin tó máa gbọ́ tí ọmọge ń bì ní ìdájí tí ọkàn rẹ̀ á lọ síbi méjì. Tèmi náà kò lọ síbi méjì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ wa ní Pobè, mo gbé garawa omi lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bí Prisca, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ń tiraka nínú lọ́hùn-ún, tó sì ń da omi sílẹ̀ wàà kí n má baà gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé, "Chantal, ó parí. Wọ́n ti fún un lóyún nílé rẹ. Marcelline á bó ọ láàyè."

Marcelline ni ẹ̀gbọ́n mi. Dadá ni mo ń pè é, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Sakété ló ń gbé, gàrí ló ń tà, kì í sì í ṣe ti abọ́, ti àpò ni. Òun ló fa Prisca lé mi lọ́wọ́ kí ọmọ náà lè máa lọ sí kóléèjì ní Pobè. Ó ní onídìrí ni mí, ojú mi mú, ẹnu mi sì mú ju ojú lọ, kò sí ọmọkùnrin tó máa gba ẹ̀yìn mi wọlé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Prisca ń padà sílé, torí pé ìyá rẹ̀ kì í fi ìsìn ọjọ́ Àìkú ṣeré.

Bí ọmọ náà ṣe jáde, mo dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Ti ta ni?"

"Kí ni ti ta ni, Tàntí?"

"Oyún yẹn! Ṣé ti Gaël tó máa ń fi alùpùpù gbé ọ wálé ni?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bí mi nínú débi pé ọwọ́ mi fẹ́ gbéra. Ó ní, "Tàntí, ẹ lọ ra tẹ́ẹ̀sì wá ní fámásì. Màá tọ̀ sí i níṣojú yín."

Mo rà á. Ó tọ̀ sí i níṣojú mi. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ, ìyẹn ni pé kò sí oyún. Mo ní èyí tí wọ́n tà fún mi ti bàjẹ́, mo lọ sí fámásì kejì, ìlà kan náà ló tún yọ. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ kọrin wọ ìsọ̀ mi lọ. Orí obìnrin kan ni mo ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ìbéèrè náà já lù mí: èébì tí kì í ṣe ti oyún, ti kí ni?

Nígbà tí Prisca kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó lára. Lójú àwa àgbà, ọmọ tó rí ìtọ́jú ni. Tí ó bá wà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, Dadá á máa fọwọ́ gbá a nídìí, á ní kí àwọn oníbàárà wá wo ibi tí èrè gàrí òun ń wọlé sí. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, Prisca náà á rẹ́rìn-ín. Ní kóléèjì, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ọ́ ní Àpò Gàrí. Ó sọ fún mi, mo ní kó dá wọn lóhùn pé gàrí yẹn náà ló ń bọ́ bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ mi dùn mọ́ mi nínú, mo rò pé mo ti yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tó fi máa dìde, aṣọ kóléèjì rẹ̀ ti ń ṣe fẹ́rẹfẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Àwa ń káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń yìn ín. Àwọn tó ń pè é ní Àpò Gàrí wá ń bá a ya fọ́tò, wọ́n ń gbé e sórí pọ́táábù, ìyẹn fóònù wọn, wọ́n ní ó ti wá rí bí àwọn ọmọge tó ń fi aṣọ yangàn ní Kùtọnu. Ara rẹ̀ yá tán, kò jẹ́ kí ẹran ara rẹ̀ padà.

Oúnjẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé mi. Níwájú mi, Prisca á bu òkèlè méjì, á ní òun ti yó. Tí mo bá ti ìsọ̀ dé, búrẹ́dì tí mo fi pamọ́ ti lọ, ìṣasùn ẹ̀wà ti mọ́ tónítóní, gàrí inú ike ti fà. Mo fẹ̀sùn kan eku, mo sì ra májèlé eku. Tí mo bá ń di irun rẹ̀, irun á máa bá kóòmù lọ, mo bú àwọn tó ń ta ìpara ayédèrú. Ó ń wọ súẹ́tà nínú oòrùn, ó ní òtútù ń mú òun. Apá rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ẹni tó ní sẹ́gede. Oríkèé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń dégbò, ó ní aṣọ fífọ̀ ni. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni mo rí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ẹni dá lẹ́bi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo pe Dadá. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ọ̀sán ọjọ́ náà ló ti wọlé dé, ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà lápá rẹ̀. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀.

"Prisca, wò mí lójú. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní, "Màmá, ojú orun ni mo ti ń jẹun. Ẹnì kan tí mi ò rí ojú rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún mi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, inú mi á máa rú, màá bì í."

Mo rí i bí ojú Dadá ṣe là bíi ti ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá. Ta ni kò mọ̀ láàrin wa pé oúnjẹ ojú orun kì í ṣe oúnjẹ? Ọmọ tó bá fẹ́ purọ́ fún ìyá rẹ̀ mọ ibi tí etí ìyá rẹ̀ wà. Dadá ti pe Olùṣọ́ ìjọ wọn ní Sakété kí n tó tú omi sí ife. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Nígbà tó sọ ohun tí ọmọ wí, Olùṣọ́ ní kí ó mú un wá sábẹ́ ààbò, ìyẹn ni pé kó wá máa sùn nínú ọgbà ìjọ lórí ẹní, kó máa gbàdúrà, kó má jáde. Ọjọ́ mẹ́ta, ààwẹ̀ gbígbẹ.

Mo ti rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Ojú wọn á kọ́kọ́ rọ̀, wọ́n á máa wo ìkòkò. Prisca ò wo ìkòkò kankan. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Omi náà kò sí níbẹ̀?" Dadá ní kò sí. Prisca ní, "Ó dáa." Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tó ti ń tọrọ. Ẹ̀rín yẹn ló dẹ́rù bà mí, ju èébì lọ. Ta ni wọ́n máa fi ebi jẹ níyà tó máa rẹ́rìn-ín?

Wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ yàrá Prisca láti gbá a. Òórùn kan ń bọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ọ̀rá dúdú ni, ọ̀pọ̀ ọ̀rá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó gbọn-in lẹ́nu. Mo tú ọ̀kan, mo tètè dì í padà. Èébì ni. Búrẹ́dì mi wà nínú rẹ̀, ẹ̀wà mi wà nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rá náà ni páálí òògùn tí wọ́n fi ń yàgbẹ́ wà, wọ́n ti ṣófo. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fún ọmọ yìí lóúnjẹ lójú orun. Ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́, ó sì la ojú sílẹ̀ ń pọ̀ ọ́.

Mo lọ bá Françoise, nọ́ọ̀sì tí mo máa ń dirí fún, nílé ìwòsàn. Mo rojọ́ tán, mo ní, "Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àìsàn ni, Chantal. Àwọn kan ń febi pa ara wọn. Àwọn kan ń jẹ àjẹpajúdé ní kọ̀rọ̀, wọ́n á sì lọ bì í. Àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Ẹ̀rù kan náà ló ń lé gbogbo wọn, ẹ̀rù pé àwọn sanra, kódà nígbà tó bá ku egungun."

"Mo rò pé àìsàn òyìnbó nìyẹn."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti rí i ní Pobè níbí, lára ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wá ẹni tó ṣe é." Ó tẹjú mọ́ mi. "Ǹjẹ́ ó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Tí kò bá rí i mọ́, tí kò sì lóyún, ara rẹ̀ ti ń pa iná ilé nìyẹn, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Èébì àti òògùn ìyàgbẹ́ ń fa iyọ̀ kan jáde nínú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ ọ̀hún ló ń mú kí ọkàn lù dáadáa. Kí ó máa mu omi, kí ó sì tètè wá. Níbo ló wà?"

"Sakété. Ó ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ."

Françoise dìde lórí àga. "Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

"Lọ gbé e kúrò níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lè dúró, Chantal. Kì í kìlọ̀."

Mo pe Dadá, pọ́táábù rẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ààbò kì í tan pọ́táábù. Mo bẹ́ jáde, mo nawọ́ sí Fabrice, ọlọ́kadà àdúgbò wa. Mo ní kí ó máa lọ sí Sakété, kí ó má bá mi dúnàádúrà. Ó wo ojú mi, ó sì ṣáná. A kọjá oko ọ̀pẹ, a kọjá àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń rìn bí aláboyún. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wí: "Olúwa, jẹ́ kó máa lù."

A dé ẹnu ọgbà ìjọ náà. Mo ti bọ́ bàtà mi, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ni mo rántí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni nǹkan oṣù mi dé. Mi ò sí nínú ìjọ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ òfin ibẹ̀. Obìnrin tó bá wà ní àsìkò rẹ̀ kì í wọ ọgbà. Á dúró sílé títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé, wọ́n á sì wọ́n omi àdúrà sí i kó tó wọlé. Mo gbé ẹsẹ̀ mi padà sí ìta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe.

Ìyá Àríyọ̀, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ló kọ́kọ́ yọ. "Chantal? Wọlé kẹ̀, kí lo dúró lójú títì fún?"

"Ìyá, mi ò lè wọlé lónìí. Ẹ bá mi pe Dadá. Ẹ bá mi pe Olùṣọ́. Ẹ fún Prisca lómi!"

Dadá jáde wá nínú sùtáná, aṣọ àdúrà funfun wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Ètè rẹ̀ ti bó. Òun náà ń gba ààwẹ̀ ọ̀hún pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí.

"Kí lo wá tú ká níbí? Ọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dí wa lọ́wọ́."

"Dadá, àìsàn ni. Òun ló ń fi ìka fa èébì náà. Mo rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ọ̀rá. Kò fẹ́ sanra ni."

"Kò fẹ́ sanra?" Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú rẹ̀. "Ọmọ tèmi? Ọmọ tí mo fi òógùn mi bọ́? O fẹ́ kí ọ́n máa wí káàkiri Sakété pé orí ọmọ mi dàrú. Chantal, ìwọ tí o ò tíì bí, kí lo mọ̀ nípa ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé egungun. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, gbogbo àdúgbò ni ì bá gbọ́ èsì mi. Mo gbé e mì.

Olùṣọ́ Élie dé. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó ní, "Marcelline, jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Chantal, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní ojú orun ni òun ti ń jẹun. Àlá rẹ̀ ni a gbé ààwẹ̀ lé."

"Irọ́ ló pa, Olùṣọ́."

"Kí lo fi mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì? Wọ́n á ní nọ́ọ̀sì ò rí àlá. Mo wo ilẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó dúró síta, mo rí tiwọn nínú.

"Olùṣọ́, kí ló dá mi dúró síta níbí?"

Ìyá Àríyọ̀ ló dáhùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àsìkò rẹ ni."

"Prisca ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń wọ́n omi fún àwọn obìnrin kí ọ́n tó padà wọlé. Ìgbà wo lẹ wọ́n omi fún Prisca kẹ́yìn?"

Ìyá Àríyọ̀ ronú. Dadá ti dá sí i: "Kí ló kàn án? Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ọmọ mi kì í pa ìsìn jẹ. Láti ìgbà tí ọ́n ti kórè àgbàdo, kò sí ọjọ́ Àìkú kan tí..."

Mo rí i bó ṣe gbọ́ ohun tó wí. Ohun tó ti fi ń yangàn láàrin àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀ ní ìhòhò.

Ìyá Àríyọ̀ ní, "Òtítọ́ ni. Mi ò tíì wọ́n omi fún un láti ìgbà yẹn. Ẹ̀rù ìwà mímọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń bà mí."

"Kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, kò sì lóyún, Dadá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń bọ́ ọ, oúnjẹ ọ̀hún dà lára rẹ̀? Ẹ ká apá sùtáná yẹn sókè."

Olùṣọ́ ní kí wọ́n mú Prisca wá. Obìnrin méjì ló mú un lápá. Nínú aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn, ó dà bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àfi ojú rẹ̀ tó ti wọnú.

Ó ní, "Tàntí, ẹ jọ̀ọ́. Ó kù díẹ̀ kó tán. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ebi ò pa mí."

"Ọmọ mi," Olùṣọ́ wí, "èmi ni mo pe ààwẹ̀ náà, èmi ni mo ní kó parí báyìí. Ẹ fún un lómi."

Ìyá Àríyọ̀ gbé ife fún un. Prisca gbà á, ó ń wò ó. Kò gbé e sẹ́nu.

"Mu ún," Dadá wí.

"Ó dọ̀la, màmá."

Dadá dì í lọ́wọ́ mú, ó ká apá aṣọ náà títí dé èjìká. Apá tó wà nínú rẹ̀ kò ju ọwọ́ orógùn lọ. Dadá rọra fa aṣọ náà bò ó padà, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ife já bọ́. Prisca ṣubú lu ìyá rẹ̀ láyà.

Mi ò mọ igbe tí mo ké. Olùṣọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé e kọjá ẹnu ọgbà wá bá mi níta. Ó ní ọmọ náà fúyẹ́, ó ń wí i ṣáá, "Ó fúyẹ́, ó fúyẹ́." A gbé Prisca sáàrin èmi àti Fabrice lórí alùpùpù, mo fi ìborùn mi dì í mọ́ra. Àyà mi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń wá ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Nígbà mìíràn mo rí i, nígbà mìíràn mi ò rí i. Dadá ń bọ̀ lẹ́yìn wa lórí alùpùpù mìíràn nínú sùtáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán.

Nílé ìwòsàn Sakété, wọ́n lẹ okùn mọ́ ọn láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé omi kọ́. Dókítà Sylvain, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, wo ìwé tí ẹ̀rọ ń tú jáde, ó fún ètè rẹ̀ pọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ààwẹ̀ yẹn, òun ò mọ ohun tí à bá máa sọ báyìí. Dadá ti fẹ́ sáré lọ se ọbẹ̀ ẹja, kó wá fún un jẹ títí yóò fi yó. Dókítà dá a dúró. Ó ní ara tí ebi ti pa báyìí, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un lóúnjẹ, torí oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa á. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń tọ́jú ọkàn àti èrò ní Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i, kì í sì í ṣe ohun tó máa tán ní kíákíá.

Dadá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ní ìkọ̀kọ̀ ọkàn rẹ̀, ó ṣì ń ka orúkọ àwọn tó lè jẹ́ ọ̀tá. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn onígàrí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bóyá èmi náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Prisca la ojú. Ó wo òkè, ó rí àpò omi tó ń kán sínú ọwọ́ rẹ̀. Kò wo èmi, kò wo ìyá rẹ̀. Ó ń wo ìkán omi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpayà sì bò ó lójú. Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá, ó pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù. Omi yìí, ṣé ó máa ń mú èèyàn sanra?"

Nọ́ọ̀sì dúró. Prisca ti na ọwọ́ kejì sí abẹ́rẹ́ náà láti fà á yọ, Dadá sì dì í mú.

Mo ń retí kí Dadá kígbe, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, láti orí àpò omi dé orí apá tín-ín-rín yẹn.

Ó ní, "Prisca. Ẹran ara rẹ ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ọmọ náà ní, "Ó ti pẹ́, màmá."

Dadá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wá sórí sùtáná, kò nù ún. Ó ní kí n fa àga mi sún mọ́ òun, kí n sì sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì Pobè sọ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀.